Pupa Inú Àwòrán Kì Í Ṣe Iná

Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ro ọ̀ràn kan kí a tó dúró níwájú àwọn ọmọ. Àwọn onímọ̀ ti ya àwòrán àpáta tí ó wà láàárín èèpo ayé àti kókó rẹ̀, wọ́n sì fi pupa kun ibi ńlá kan ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ó jìn tó nǹkan bí 2,900 kìlómítà. Ọmọ tí ó bá rí i yóò wí pé iná ń jó níbẹ̀. Àwa kò gbà pé kí olùkọ́ jẹ́ kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò dé ibẹ̀ rí. Ihò tí ó jìn jù lọ tí ènìyàn tíì gbẹ́, ní Kola ní Rọ́ṣíà, kò ju 12,262 mítà lọ. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ń ra ìkòkò ti ń fi ìka lù ú kí ó lè gbọ́ bóyá ó sán, bẹ́ẹ̀ ni a ń tẹ́tí sí ayé nígbà ìsẹ̀lẹ̀. Ìgbì ìsẹ̀lẹ̀ a máa la inú ayé kọjá, ẹ̀rọ ní ìlú òkèèrè a sì kọ àkókò tí ó dé sílẹ̀: nínú àpáta tí ó gbóná jù a lọ́ra, nínú èyí tí ó tutù díẹ̀ a yára. Báyìí ni Oldham ṣe mọ̀ ní 1906 pé ayé ní kókó, tí Inge Lehmann ará Dẹ́ńmáàkì sì mọ̀ ní 1936 pé kókó mìíràn wà nínú rẹ̀. (Obìnrin ni Lehmann, kí àwọn tí ń wí pé ẹ̀kọ́ yìí kò yẹ ọmọbìnrin gbọ́!) Ní 1984 Adam Dziewonski kó àkókò ìgbì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsẹ̀lẹ̀ jọ, ó sì fi wọ́n ya àwòrán àpáta tí ó yí kókó náà ká.

Nítorí náà ìyára ìgbì ni pupa àti aró inú àwòrán ń fi hàn, kì í ṣe àwọ̀ àpáta. Bí ìgbì bá lọ́ra lábẹ́ Áfíríkà, ooru lè fà á. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí a fi dá àpáta ibẹ̀ yàtọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e lórí. Èyí tí ó dùn wá jù ni pé ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìgbì kò pọ̀ ní Áfíríkà bí ó ti pọ̀ ní Amẹ́ríkà tàbí Jàpáànù. Níbi tí etí kò bá sì sí, àwòrán a ṣe bàìbàì.

Àwọn kan yóò wí pé ọmọ kékeré kò nílò àlàyé yìí. Àwa wí pé ó nílò rẹ̀ ju orúkọ ipele inú ayé lọ. Kí olùkọ́ mú ìkòkò méjì wá sí kíláàsì, ọ̀kan tí ó sán àti ọ̀kan tí ó pé, kí ó da aṣọ bò wọ́n, kí ó lù wọ́n, kí ó sì bi àwọn ọmọ léèrè èwo ni ó sán, àti bí wọ́n ti ṣe mọ̀.