Ẹ Tún Eré Náà Wò

Ẹ̀yin ará wa l'Ókè Ọya, ọ̀rọ̀ eré orí ẹ̀rọ kan tí àwọn ọ̀dọ́ wa kan kọ̀ sílẹ̀ ni mo mú wá. Final Fantasy Tactics Advance ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 2003 ni ó jáde n'ílẹ̀ Japan. Ogun ọlọ́gbọ́n ni: ẹni tí ńṣe é yóò kó ẹgbẹ́ jọ, yóò sì máa tò wọ́n bí ẹni ńta ayò.

Wọ́n ní kò tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jáde ní 1997. Òótọ́ ni, ìtàn rẹ̀ fúyẹ́. Ṣùgbọ́n adájọ́ tí ńdúró l'ójú ìjà ni ó ńbí wọn nínú jù. Bí òfin ọjọ́ náà bá ní kí a má lo idà, ẹni tí ó lò ó yóò gba káàdì. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá pọ̀, káàdì pupa a sọ ọ́ s'ẹ́wọ̀n.

Èmi kò gbà pé àbùkù ni èyí. A lè ka òfin náà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ńtajà ní ìlú onílùú mọ̀ pé èèwọ̀ ìlú ni àlejò ńkọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ẹ̀gbọ́n díwọ̀n àbúrò. Ẹ ka òfin, ẹ tún un ṣe, kí ẹ tó dá a l'ẹ́bi.