Àmì Ìdí Bàálù: Èwo Ni Ká Bò, Èwo Ni Ká Fi Hàn?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi to bàálù kan pọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ike ni, gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 13 lọ: Messerschmitt Bf 109, bàálù ìjà àwọn ará Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní ìwọ̀n 1/72. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kùn ún tán, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá gbé e yẹ̀ wò, ó yìn mí dáadáa, àfi ìgbà tó rí ìwé àmì tí mo fẹ́ rì sínú omi. Ó ní, "Àmì Hitler lo fẹ́ lẹ̀ mọ́ nǹkan tó máa wà lórí tábìlì wa?"

Mi ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ni mo wá kọ síbí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn mọ́ wa nínú iṣẹ́ yìí, kí ẹ má baà rò pé eré ọmọdé lásán ni. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Jámánì tó ń rí sí ọ̀ràn òfuurufú, tí wọ́n ń pè ní RLM, fún ọ̀dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lọ́dún 1940, ẹ̀yìn Bf 109 máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé dúdú, ìyẹn 71, pẹ̀lú eérú tó fara jọ ewé, ìyẹn 02. Àyìnrín, 65, ni wọ́n fi ń kun ikùn rẹ̀, kí ẹni tó bá wò ó láti ìsàlẹ̀ lè rò pé ojú sánmà lásán ni. Nígbà tó fi máa di 1941, wọ́n ti ń yí padà sí eérú méjì, 74 àti 75, èyí kejì sì fẹ́ jọ àlùkò díẹ̀. Ewé dára fún bàálù tó bá wà nílẹ̀ lábẹ́ igi. Eérú ló bá òfuurufú mu. Wọ́n tún ń wọ́n ọ̀dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè dà bí ara ẹranko adíkálà. Ní aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà, àwọ̀ iyanrìn ni, 79, lórí aró fẹ́ẹ́rẹ́, 78. Wọ́n máa ń sọ pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá ní: funfun, dúdú, pupa. Èmi fi àyìnrín, àlùkò, eérú, ìyeyè àti aró ṣàlàyé gbogbo bàálù Jámánì, ọ̀rọ̀ ò sì tán lẹ́nu mi.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn bàálù tó ń jà lóru. Dúdú kirikiri ni wọ́n kọ́kọ́ kun wọn. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé dúdú máa ń hàn bí òjìji lára ìkùukùu tí òṣùpá bá yọ, ni wọ́n bá kun wọn ní eérú fífúyẹ́, wọ́n sì ta eérú tó dúdú díẹ̀ sí i lára. Ta ni ìbá rò pé nǹkan fífúyẹ́ lè sá pamọ́ lóru ju dúdú lọ?

Ọ̀dà ń fi bàálù pamọ́, àmì ń fi í hàn. Iṣẹ́ méjèèjì wà lára bàálù kan náà. Nígbà tí ogun ń parí lọ ní 1945, ẹgbẹ́ JV 44 ní àwọn Focke-Wulf 190 tó ń ṣọ́ pápákọ̀ òfuurufú wọn. Ẹ̀yìn àwọn bàálù náà jẹ́ àwọ̀ ìfarapamọ́, ṣùgbọ́n pupa ni wọ́n kun ikùn wọn, wọ́n sì fa ìlà funfun sí i, kí àwọn ará Jámánì tó ń yin ìbọn láti ilẹ̀ má baà já ara ilé wọn lulẹ̀.

Bàálù Hans-Joachim Marseille ni èyí tí mo tò. Ẹgbẹ́ JG 27 ló wà, ní aṣálẹ̀. Nọ́ńbà 14 aláwọ̀ ìyeyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ìyeyè ni àwọ̀ ìpín kẹta tó ń bá jà. Lórí ìtọ́kọ̀ ìdí rẹ̀, wọ́n kọ 100, wọ́n fi ewé yí i ká, wọ́n wá to àwọn ìlà tín-ín-rín sábẹ́ rẹ̀. Ìlà kan, bàálù ọ̀tá kan tó já. 158 ni wọ́n kà fún un lápapọ̀. Ó kú ní September 30, 1942, nígbà tí ẹ̀ńjìnnì bàálù rẹ̀ bàjẹ́, tó bẹ́ jáde, tí ara rẹ̀ sì lu ìdí bàálù náà. Ọmọ ọdún 22 ni. Ọdún kan péré ni mo fi kéré sí i.

Nínú ìwé àmì tèmi, gbogbo ìlà wọ̀nyẹn ló pé. Ṣùgbọ́n swastika, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n fi sí igun ìwé, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ so ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú páálí mìíràn, kò tilẹ̀ sí i rárá. Mi ò bá àwọn tó ń ṣe é wí. Abala 86a nínú òfin ọ̀daràn Jámánì kò fàyè gba kéèyàn máa fi irú àmì bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, àyàfi fún ìtàn, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọnà àti irú wọn, wọ́n sì fẹ́ tajà níbẹ̀. Àwa tí a ń tò ó ni mo ń bá wí. Ojú àmì ń tì wá, ojú ìṣirò kò tì wá. A bo orúkọ ẹni tó rán bàálù níṣẹ́, a wá fi ìka méjì mú ìlà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, kí iye àwọn tó já má baà dín.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo awakọ̀ tí wọ́n já lulẹ̀ ló kú. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà yìí. Akin Shenbanjo, ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà, jẹ́ oníwáyálẹ́sì nínú ẹgbẹ́ 76 ti ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàálù Halifax ni wọ́n fi ń lọ ju bọ́ǹbù sí Jámánì lóru. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ "Achtung! The Black Prince" sí imú ọ̀kan nínú àwọn Halifax náà. Ó bọ́ nínú ogun ọ̀hún. Ká ní kò bọ́ ńkọ́? Ìlà kan ni ìbá jẹ́ ní ìdí bàálù Jámánì kan, òun àti àwọn mẹ́fà yòókù nínú ìlà kan ṣoṣo, èmi ni ǹ bá sì máa lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Àwọn kan á ní Marseille kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Nazi, pé ó tilẹ̀ bá ẹlẹ́wọ̀n ogun aláwọ̀ dúdú kan láti South Africa ṣọ̀rẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èèyàn dáadáa lẹ́nu oúnjẹ. Bàálù náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìjọba tó pa àwọn Júù tó tó mílíọ̀nù mẹ́fà ni, tó sì sọ àwọn ọmọ Jámánì aláwọ̀ dúdú di àgàn tipátipá ní 1937. Bí a bá yọ àmì yẹn, ọkọ̀ ẹlẹ́wà oníyẹ̀ẹ́ méjì ló kù sí wa lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ JG 53 ló sì parí iyèméjì mi. Ní 1940, àwọn bàálù kan nínú ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n kun swastika ìdí wọn pa fúnra wọn. Fọ́tò wọn wà. Bí gbogbo wa bá ń yọ ọ́ kúrò lára gbogbo bàálù, báwo la ṣe máa mọ èyí tó yọ ọ́ lóòótọ́?

Mo so àwọn ìlàjì méjèèjì pọ̀, mo lẹ̀ ẹ́. Kò sí lórí tábìlì ṣá o. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀tọ́ sí yàrá náà bíi tèmi. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, mo sì kọ orúkọ bàálù, ọdún, àti iṣẹ́ tó ṣe sí páálí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Halifax ni mo ń wá báyìí. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rí i rà láìjẹ gbèsè, kó ké sí mi.