Abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin: àwa tá a wà l'Onitsha ńkọ́?

Ká má sọ pé àṣà Ìgbò ni. Ìwádìí ìjọba ọdún 2018 bá a lára bí obìnrin 35 nínú 100 láàárín Yorùbá; ti Ìgbò jẹ́ 31. Owó UNFPA àti UNICEF ti gbé ìlanilọ́yẹ̀ dé Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì. Ṣùgbọ́n ọmọ tá a bí síbí, tí ìyá àgbà ń pè lórí fóònù pé kí wọ́n gbé wálé fún olóólà, ta ló ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀? Wọ́n ní bí orí ọmọ bá kan ibẹ̀ nígbà ìrọbí, ọmọ á kú. Irọ́ ni, àpá abẹ gan-an ló ń mú ìbímọ nira. Òfin Anambra sì ti kà á léèwọ̀ láti 2017. Kí ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ nínú owó oṣooṣù, ká pe nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá wá sípàdé. Kí àwọn bàbá náà wá o, àwọn ló kúkú ń san owó mọ́tò yẹn.