Omi Ìkògòsì: Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Lọ Rí I

 Ọ̀pọ̀ wa ti ra omi Gossy mu rí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Oòduà tí a bí sí Ajamimogha àti gbogbo Warri kò mọ̀ pé Ìkògòsì ní Èkìtì ni orúkọ náà ti wá.

Omi gbígbóná àti omi tútù ló ń sun níbẹ̀, wọ́n sì pàdé ara wọn. Ooru èyí tó gbóná tó nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius níbi tó ti ń sun. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń gbóná bọ̀. Àwọn àgbà ní ìyàwó ọdẹ kan ni àwọn méjèèjì, pé wọn kò gbọ́ra yé, èyí tí inú máa ń bí ló di omi gbígbóná. Ẹni tó fẹ́ ìyàwó méjì yóò gbà wọ́n gbọ́!

Míṣọ́nnárì Baptist kan, John McGee, ló pe àfiyèsí ayé síbẹ̀ ní 1952, àwọn ìjọ sì ń pàgọ́ síbẹ̀. Ìjọba Fáyẹmí tún ibẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọdún 2010, ṣùgbọ́n nígbà tó kúrò ní 2014, àbójútó rẹ̀ dínkù. Èyí ló ń dùn wá: ìjọba kan kọ́ ọ, òmíràn kẹ̀yìn sí i.

Ẹgbẹ́ wa máa ń háyà bọ́ọ̀sì lópin ọdún. Ẹ jẹ́ kí ti ọdún yìí gba Benin àti Àkúrẹ́ lọ sí Ìkògòsì. Owó ọmọdé, kí bàbá wọn tètè dá a.