“Agbára” Nìkan Kò Gun Òkè Mápó

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ kọjá ₦500 ní ọ̀pọ̀ ibi. Láti ìgbà náà ni àwọn ojúlùmọ̀ mi ní Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba ti ń sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì gẹ́gẹ́ bí ohun tí ènìyàn lè máa gùn lọ síbi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń wí, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Olùkọ́ kan tí ń gbé ní Bẹ́yẹrúnká, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lápá Mápó, ra ọ̀kan. Ó bi ẹni tí ó tà á pé, “Ṣé agbára rẹ̀ pọ̀?” Ìyẹn fèsì pé ó pọ̀ dáadáa. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, kẹ̀kẹ́ náà kò lè gun òkè; olùkọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ń tì í lọ, òógùn sì ti bò ó kí ó tó dé iwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Òkè ni ẹni tí ó béèrè ní lọ́kàn. Ọ̀nà jíjìn ni ẹni tí ó dáhùn ń rò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi pe ohun méjì.

Ní tòótọ́, ohun mẹ́ta ni a ń pè ní “agbára” lára irú kẹ̀kẹ́ yìí. Èrò tèmi ni pé kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí.

Èkíní ni títì tí bátìrì ń ti iná gba inú wáyà, èyí tí a ń fi fólìtì wọ̀n. Mo dábàá “ìtìná” fún un. Bí a bá fi ṣájà onífólìtì 48 sára bátìrì onífólìtì 36, ó lè jó.

Èkejì ni bí ẹ̀rọ ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó, èyí tí a ń fi wáàtì wọ̀n. Òun nìkan ni kí a fi “agbára” sílẹ̀ fún. Bí ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wọn kílógíráàmù 100, tí ọ̀nà sì ń fi mítà 1 ga nínú mítà 10, wọn yóò lo ohun tí ó lé ní wáàtì 270 kí wọ́n tó lè fi ìwọ̀n kìlómítà 10 ní wákàtì kan gùn ún. Ẹ̀rọ oníwáàtì 250 kò lè dá a ṣe. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni iye iná tí bátìrì kó pamọ́, èyí tí a ń fi wáàtì-wákàtì wọ̀n. “Ìkóná” ni mo pè é. N kò pè é ní “ìgbaná”, nítorí ohun tí ń jó ni a ń sọ pé ó gbaná. Bátìrì onífólìtì 36 àti áńpíà-wákàtì 10 ní ìkóná 360. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń ná 15 lórí kìlómítà kan, yóò rin kìlómítà 24.

Àwọn kan yóò wí pé “fólìtì” àti “wáàtì” tí a yá ti tó. N kò kọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ òṣùwọ̀n kì í ṣe orúkọ ohun tí a ń wọ̀n: ẹni tí ó mọ kóńgò gbọ́dọ̀ tún mọ̀ bóyá gàrí ni òun ń rà tàbí ẹ̀wà. Iṣẹ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà tí a bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ọmọ lè kọ́ ní kíláàsì, kò yẹ kí ó ṣòro fún òbí rẹ̀ láti béèrè lọ́jà.

Nítorí náà, mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè kí ẹ dán ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí wò, kí ẹ sì dábàá èyí tí ó sàn jù bí ó bá wà. Ní ti ẹni tí ó fẹ́ rà, kí ó má béèrè agbára nìkan mọ́. Kí ó béèrè pé: Kí ni ìtìná rẹ̀, kí n lè mọ ṣájà tí ó bá a mu? Kí ni agbára rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá yóò gun òkè? Kí ni ìkóná rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá yóò gbé mi padà sílé?