Ẹ San Owó Yàrá ní Ìkìrun

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹbí kan fi ọwọ́ pàtàkì mú, ẹ wo ohun tí wọ́n máa ń ṣètò fún.

Ọmọ Ìkìrun, ọmọ Ìnísà àti ọmọ Òkukù ni àwa tí à ń kọ̀wé yìí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà la fi ń jẹun. Kóòdù là ń kọ láti àárọ̀ dalẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wa kò fojú rí rí. A ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, a ti ń bímọ, owó sì ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wá ń jà ràn-ìn láàárín ẹgbẹ́ wa báyìí ni ibi tí a ó kó àwọn ọmọ lọ nígbà ìsinmi. Ìdáhùn tó sì wà lóde ni òkè Alps: kí bàbá, ìyá àti ọmọ lọ kọ́ síkíì ní abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé tàbí Swítsálandì, kí wọ́n máa yọ̀ lórí yìnyín, kí wọ́n ya fọ́tò, kí gbogbo wa sì rí i lórí Instagram.

Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ o. A kò ní torí yìnyín bá ẹnikẹ́ni jà. Seun Adigun, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, fi pákó kan ọkọ̀ yìnyín tó kọ́kọ́ fi ń ṣe ìdánrawò. Òun àti Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga sì gbé orúkọ Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Pyeongchang ní 2018. Samuel Ikpefan sáré síkíì fún Nàìjíríà ní Beijing ní 2022. Ẹni tó bá ní òtútù kì í ṣe ti ènìyàn dúdú, ẹ jẹ́ kó máa wí tirẹ̀ lọ.

Ètò ni ìjà wa wà lórí rẹ̀. Ẹ wo bí ẹbí ṣe ń múra ìrìnàjò Alps. Ó ku oṣù mẹ́fà, Excel ti ṣí. Ìlà kìíní, físà Schengen: yúrò 90 fún àgbàlagbà, yúrò 45 fún ọmọ tó ti pé ọdún 6 tí kò tíì pé 12. Tọkọtaya tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ méjì yóò kó yúrò 270 sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá wọ́n á gbà wọ́n. Ní 2024, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó béèrè físà yìí, àwọn tí wọ́n kọ̀ fún lé ní ogójì, owó kì í sì í padà. Ìlà kejì, ìbánigbófò tó lè san owó ìtọ́jú ìlera tó tó yúrò 30,000. Lẹ́yìn náà ló kan hòtẹ́ẹ̀lì, owó ọkọ̀ tó ń fi wáyà gbé ènìyàn gun òkè, owó ilé-ẹ̀kọ́ síkíì fún àwọn ọmọ, nọ́ńbà bàtà ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ á mọ ọ̀sẹ̀ tí yìnyín máa ń nípọn jù ní Chamonix.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo ni ẹbí yìí ṣí Excel fún Òkukù?

A kì í ṣètò Òkukù. Òkukù kàn máa ń ṣẹlẹ̀ sí wa ni. Ẹnìkan kú, a sáré lọ. Ẹnìkan ń gbéyàwó, a lọ Saturday, a ti padà dé Èkó kí ilẹ̀ Sunday tó ṣú, àwọn ọmọ kò rí ju ẹ̀yìn kánópì lọ. Ó ti wọ̀ wá lára débi pé bí ẹ bá kó ìyàwó àti ọmọ wọ Ìnísà ní Friday lásán, láìsí òkú, láìsí ìgbéyàwó, kí màmá àgbà tó dáhùn ìkíni yín tán ni wọ́n á ti béèrè pé, "Ṣé kò sí láburú o?" Ẹ ní, "Rárá mà, ìsinmi la wá ṣe." Wọ́n á wò yín lókè, wọ́n á wò yín nílẹ̀. Tó bá yá wọ́n á fa àbúrò yín sí kọ̀rọ̀: "Ṣé iṣẹ́ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ báyìí?"

A kò dá màmá lẹ́bi. Àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ṣáájú wa kò rí báyìí. Ọ̀pọ̀ ará agbègbè wa ló lọ ṣòwò ní Gánà kí ìjọba Busia tó lé àwọn àlejò jáde ní 1969. Wọ́n mọ ọdún tí wọ́n máa wá sílé, wọ́n mọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ wá, wọ́n ń kó owó ilé jọ díẹ̀díẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ wọn lè jẹ́ orí wọn nìkan, ṣùgbọ́n ètò wà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí náà, nígbà ìjọba Rauf Aregbesola, ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ ń gbé ará Ọ̀ṣun láti Èkó wá sí Òṣogbo nígbà ọdún. Àwọn ènìyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ojú irin náà ti pẹ́ o: ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 láti Èkó, Ìbàdàn ló parí sí. Ìjọba ní ẹjọ́ láti jẹ́ níbẹ̀, a ó sì rò ó lọ́jọ́ mìíràn, torí kì í ṣe ojú irin ló ní ká má lọ sílé.

Nígbà tí a bá dé ọ̀hún, kí la fẹ́ wò? Àwọn ẹgbẹ́ wa máa ń fi ìbéèrè yìí rẹ́rìn-ín. Ìkìrun wà láàárín òkè àti àpáta, ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ gbé púpọ̀ nínú wọn. Níbẹ̀ ni ogun Jálumi ti wáyé ní ọjọ́ kìíní oṣù November, 1878: Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ọmọ ogun Ìbàdàn wá, wọ́n sì tú ogun Ìlọrin àti àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá ká. Àwọn tó ń sá lọ já lu omi Ọ̀tìn, orúkọ ogun náà nìyẹn. Ọ̀tìn kan náà ni àwọn ará Ìnísà ń sọ pé ó jẹ́ obìnrin jagunjagun tó gbèjà ìlú kó tó di odò. Àwọn ará Òkukù tí ogun ti lé wá sí Ìkìrun sì padà lọ tún ilé wọn ṣe lẹ́yìn Jálumi. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, odò kan, ìtàn kan, ẹ sì lè fi mọ́tò rìn ín tán ní ọjọ́ kan kí oòrùn tó wọ̀.

Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Òkukù fún ọdún mélòó kan láàárín 1970 sí 1980 láti kọ́ nípa oríkì. Ó kọ ìwé ńlá kan lé e lórí ní 1991. Obìnrin yìí fi ọdún ṣètò Òkukù. Àwa ọmọ onílé ò lè fi ọjọ́ mẹ́ta ṣètò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa máa bí àwọn kan nínú rèé. A kò ní kí ẹ lọ sílé lọ káàánú ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ san owó.

Ẹ jẹ́ ká wo Alps fúnra rẹ̀. Àwọn abúlé tí ẹ̀ ń fi dọ́là lé kiri yìí, tálákà paraku ni wọ́n. Láti Tyrol àti Vorarlberg ní Austria àti ìlà oòrùn Swítsálandì, àwọn òbí máa ń rán ọmọ wọn kéékèèké fi ẹsẹ̀ gba orí òkè kọjá lọ́dọọdún, kí wọ́n lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní oko àwọn ará Jámánì. Ó ń ṣẹlẹ̀ títí wọ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Láti Savoy ní Faransé, àwọn ọmọkùnrin ń lọ sí Paris lọ gbá èérí inú ihò èéfín. Ìyà ni yìnyín jẹ́ fún wọn. Àwọn àlejò tó ń padà wá lọ́dọọdún, tí wọ́n ń sanwó, ló sọ ọ́ di ọjà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní St. Moritz ni pé ní 1864, onílé ìtura kan tó ń jẹ́ Johannes Badrutt bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ta kọ́pẹ́: ẹ padà wá nígbà òtútù, bí kò bá dùn mọ́ yín, èmi ni mo máa san owó ọ̀nà yín. Wọ́n wá. Ní Chamonix, láti 1821 ni àwọn tó mọ ọ̀nà òkè ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ni iṣẹ́ wọn, ó sì ní iye.

Ọmọkùnrin tó mú wa gun òkè ní Ìkìrun ńkọ́? A sọ ẹgbẹ̀rún kan náírà sí i lọ́wọ́, a ní "fi mumi." Ìyá tó gún iyán fún ènìyàn mẹ́wàá, a fún wọn ní owó ọbẹ̀ nígbà tí a fẹ́ wọ mọ́tò, wọ́n sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwa ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Ìyẹn ò tì wá lójú? Owó wákàtí ni ilé-ẹ̀kọ́ síkíì ń gbà. Ìyá tó mọ oríkì orílẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ọmọ wa jókòó tì fún wákàtí méjì, kí ló dé tí wákàtí tiwọn fi jẹ́ ọ̀fẹ́? Ẹ̀bùn dára, a kò ní kí ẹ má fúnni. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń fún lẹ́bùn ò lè fi ẹ̀bùn ṣètò ọdún tó ń bọ̀. Kò mọ̀ bóyá a máa wá, kò mọ iye tó máa jẹ́. Ẹni tí a san owó fún lè ra fóòmù tuntun fún yàrá kejì.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ní ọ̀nà ò dára, àwọn ajínigbé wà. Òótọ́ ni, a ò sì ní fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ṣeré. Ẹ rìn lọ́sàn-án, ẹ pe ará ilé kí ẹ tó gbéra, bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Ẹ ní iná ò sí, hòtẹ́ẹ̀lì tó wà ò dára tó. Bẹ́ẹ̀ ni, torí kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀ ju ọjọ́ òkú àti ọjọ́ ìgbéyàwó lọ! Ta ló máa ra jẹnẹrétọ̀ ńlá fún oníbàárà ọjọ́ méjì lọ́dún?

Ẹ ní bí ẹ bá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, àbúrò bàbá yín á bínú pé ẹ sá fún ilé baba yín. Wọ́n á bínú lóòótọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan nínú wa. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ jẹun níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn ti àwọn ọmọ ilé, kí ẹ̀yin padà sí yàrá yín. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á ti máa bi yín bóyá wọ́n lè tún yàrá ẹ̀yìnkùlé ṣe kí ẹ máa san owó náà fún àwọn.

Àwáwí tó wá burú jù ni ti "village people." Ẹ̀rín ni gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fóònù bọ́ sómi, village people. Físà ò jáde, village people. Kóòdù ò ṣiṣẹ́, village people. Ní báyìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò dé Ìnísà rí ń bẹ̀rù Ìnísà. Ta ni àwọn village people yìí gan-an? Màmá àgbà tó béèrè bóyá kò sí láburú ni. Ọmọkùnrin tó mú wa gun òkè ni. Àwàdà tó ń sọ ará ilé ẹni di àjẹ́ kí a má baà ná owó sílé, ká má rí i pé àwa là ń jàǹfààní rẹ̀? A ti fi í sílẹ̀ nínú gbogbo group wa lórí WhatsApp, ẹni tó bá sọ ọ́ á san owó dátà fún gbogbo ilé.

Ẹbí márùn-ún la jẹ́ tí a ti ṣí Excel fún December tó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta: ọjọ́ kan Ìkìrun, ọjọ́ kan Ìnísà, ọjọ́ kan Òkukù. Nọ́ńbà bàtà àwọn ọmọ wà níbẹ̀, torí àpáta máa ń yọ̀. A ti bá ọmọkùnrin tó máa mú wa gun òkè dúnàádúrà, ó sì gba ìdajì owó rẹ̀ sínú àkáǹtì. Owó oúnjẹ ló kù. Ọ̀kan nínú wa pe ìyá tó máa sè é ní Òkukù, ó béèrè iye tí wọ́n máa gbà láti bọ́ ènìyàn mọ́kàndínlógún. Ìyá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí a mú ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ wa wá. A ní rárá mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá iye lé e. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn lọ bi iye tí iṣu jẹ́ lọ́jà, kí a pe àwọn padà ní Sunday.