Àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa aláṣẹ: a yà á ní Calgary, ta ni ọlọ́pàá máa mú nílé?

Ní Penbrooke Meadows níbí, ẹni tó bá ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa olórí ìjọba Kánádà lè sùn kó hanrun. Abala 2(b) nínú òfin ẹ̀tọ́ ọdún 1982 dáàbò bò ó, bí kò bá ṣáà ti dá ìkórìíra sílẹ̀ láàárín ẹ̀yà. Ṣùgbọ́n bí àwòrán náà bá dá lórí gómìnà kan nílé, tí a sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò wa n'Íbàdàn lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ lè bẹ́yìn yọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Akínọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń fi "Lash" sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, fi kátúùnù bá ìjọba amúnisìn wí nínú ìwé ìròyìn West African Pilot tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ lọ́dún 1937. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà rí àwòrán, ó sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1945 nítorí ọ̀wọ́n gógó, Pilot gbè sẹ́yìn wọn. Ní oṣù Keje, ìjọba ti ìwé ìròyìn náà pa fúngbà díẹ̀.

Lónìí, fóònù ti gba iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé. Tẹ́lẹ̀, abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 lè fi ẹni tó fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sẹ́wọ̀n tó tó ọdún 3, tàbí kó san owó tó tó mílíọ̀nù 7 náírà. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́bi lọ́dún 2022. Wọ́n sì ṣàtúnṣe rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024. Lára ohun tó kù níbẹ̀ ni irọ́ tí èèyàn mọ̀ pé irọ́ ni, tó fi fẹ́ da ìlú rú. Ṣùgbọ́n kí adájọ́ tó sọ èyí tó ń da ìlú rú, ọlọ́pàá á ti kọ́kọ́ pinnu. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Èrò tiwa ni pé kí a má ṣe pa ẹnu ẹ̀fẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà sọ pé ọba kì í pa ọ̀kọrin; ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ, Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa bá olóyè wí lójú agbo, ilẹ̀ á sì mọ́ ire. Ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni, kí a má fi irọ́ kún un, kí a sì bi ará ilé léèrè kí a tó fi ránṣẹ́. Àwa la ya àwòrán. Fóònù tiwọn ni wọ́n máa tú.